Ìdí tí ọjọ́ Àìkú fi ń wúwo lẹ́yìn ọtí àti tẹ́tẹ́

Ọmọkùnrin káfíńtà kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú, mo sì yọ ohunkóhun tó lè jẹ́ kí wọ́n dá a mọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó kọ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí, mo ní ìyàwó àti ọmọ méjì. Tí mo bá ti gbowó iṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń lọ wo bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo máa ń mu ìgò bíà mẹ́rin, nígbà míràn mo máa ń fi sáṣẹ́ẹ̀tì kan tàbí méjì lé e, mo sì máa ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí fóònù. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọkàn mi á wúwo bí ẹni tí òkú ṣẹ̀, kódà nígbà tí mi ò pàdánù owó. Màá búra pé mo ti jáwọ́. Tó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọwọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Nígbà ọdún Àjíǹde tó kọjá, mo jẹ ₦180,000. Inú mi ò dùn tó bí mo ṣe rò, kò sì tó ọjọ́ márùn-ún tí gbogbo rẹ̀ fi padà síbi tó ti wá. Ìyá mi ní àfiṣe ni. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló ń ṣe mí? Èwo ni kí n kọ́kọ́ fi sílẹ̀ nínú méjèèjì?"

Ọmọ mi, o káre tí o kọ̀wé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù ìtọ́jú ọpọlọ kí n tó fẹ̀yìn tì, àwọn ọkùnrin tó sì ti jókòó síwájú mi pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ yìí kò níye. Díẹ̀ nínú wọn ló kíyè sí ohun tí ìwọ kíyè sí, pé ọkàn rẹ ń wúwo kódà nígbà tí owó rẹ pé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Gbogbo ayé rò pé owó tó lọ ló ń ba onítẹ́tẹ́ nínú jẹ́. Tó bá jẹ́ owó nìkan ni, ọjọ́ tí o jẹ ₦180,000 ì bá ti dùn mọ́ ọ dé eegun, ọjọ́ Àìkú tí owó rẹ pé ì bá sì fúyẹ́. Méjèèjì ò rí bẹ́ẹ̀. Inú ọpọlọ ni ká ti lọ wá ohun tó fà á.

Jẹ́ ká mú ọtí ṣáájú.

Ọpọlọ ní kẹ́míkà kan tó ń mú un rọlẹ̀, GABA lorúkọ rẹ̀. Ó ní òmíràn tó ń ta á jí, wọ́n ń pè é ní glutamate. Ọtí máa ń gbé ti àkọ́kọ́ ga, á sì tẹ ìkejì mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èjìká rẹ fi ń rọ̀ lẹ́yìn ìgò kìíní, tí ẹ̀rín fi ń yá, tí gbèsè pákó fi ń jìnnà sí ọ. Ṣùgbọ́n ọpọlọ kì í gbà kí nǹkan ti òun ṣubú láìjà. Káfíńtà ni ọ́, fojú inú wo ilẹ̀kùn kan tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Ọtí wà níta, ó ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn náà. Ọpọlọ wà nínú ilé, òun náà ń tì í padà. Bí ọtí ṣe ń fi kún agbára rẹ̀ ni ọpọlọ ń fi kún tirẹ̀. Nígbà tó bá di òru, ọtí á yẹra. Ẹni tó ń fi gbogbo ara ti ilẹ̀kùn láti inú ńkọ́? Á ṣubú síta gbì ni.

Ìṣubú yẹn ni àyà tó ń já ọ ní agogo mẹ́ta òru, òun ni òógùn, òun ni ìbẹ̀rù tí o kò mọ ohun tó fà á, òun náà ni ìbínú òdì sí àwọn ọmọ tó ń pariwo. Ọpọlọ tó ti fi ara le jù láti kojú ọtí kò tíì mọ̀ pé ọtí ti lọ, ara líle ló ṣì wà.

Wàá bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìgò bíà ńlá jẹ́ sẹ̀ńtílítà 60. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ 5 nínú 100, ojúlówó ọtí inú ìgò kan jẹ́ mìlílítà 30. Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà máa ń wẹ nǹkan bíi mìlílítà 10 kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ní wákàtí kan. Ti ẹlòmíràn yá díẹ̀, ti ẹlòmíràn lọ́ra, ṣùgbọ́n kò sí kọfí, omi tútù tàbí ọbẹ̀ ata tó lè mú un sáré. Ìgò kan gba wákàtí mẹ́ta nìyẹn, ìgò mẹ́rin gba wákàtí méjìlá. Tí o bá bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni ẹ̀dọ̀ rẹ tó parí iṣẹ́. Sáṣẹ́ẹ̀tì méjì oní mìlílítà 30, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 40 nínú 100, á sún un kọjá agogo mẹ́jọ. Ìgbà tí ọtí bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tán, ni ara máa ń burú jù, ó sì lè di alẹ́ ọjọ́ náà kí ara tó balẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì lo wà nígbà tí ilẹ̀kùn náà ń já síta. O padà délé, o jẹun, ara ò rọrùn, o wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó o lè pè ní ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ohun tó máa bà á lọ́kàn jẹ́ kò ní pẹ́ rí i.

Oorun náà tún wà níbẹ̀. Ọtí máa ń yára gbé ènìyàn sùn, ọ̀pọ̀ sì rò pé oore ló ṣe. Apá kejì òru ló ń jí gbé. Oorun alálàá, èyí tí ọkàn nílò gan-an, ni ó ń gé wẹ́wẹ́, ìdí nìyẹn tí o fi lè sùn fún wákàtí mẹ́jọ kí o sì jí bí ẹni tó ru igi mọ́jú.

Ọ̀rọ̀ sáṣẹ́ẹ̀tì yìí ń dùn mí. Ní oṣù Kejì ọdún 2024 ni àjọ NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú ìfòfindè ọtí inú sáṣẹ́ẹ̀tì àti inú ìgò tí kò tó mìlílítà 200. Ariwo sọ, ọ̀rọ̀ náà sì ti lọ tó ti bọ̀ láti ìgbà náà. Mo wà lẹ́yìn ìfòfindè náà pátápátá. Ẹni tó ń mu ìgò bíà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè kà á. Ẹni tó ń fi eyín ya sáṣẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, òun fúnra rẹ̀ kì í kà á.

Tẹ́tẹ́ ò da nǹkan kan sínú ẹ̀jẹ̀ ní tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kí àwa oníṣègùn tó gbà pé bí ọtí ṣe ń mú ènìyàn lẹ́rú ló ń ṣe. Ní 1980, àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé àìsàn wọn, wọ́n sì tò ó mọ́ àwọn tí kò lè kó ara wọn ní ìjánu, bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbélẹ̀ tí kò bá jí nǹkan. Ní 2013, wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀, wọ́n fi sí orí kan náà pẹ̀lú ọtí àti oògùn olóró. Ìmọ̀ nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ wà lára ohun tó yí wọn lọ́kàn padà.

Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Wolfram Schultz fi wáyà tín-ín-rín gbọ́ ohùn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tú dópámìn, kẹ́míkà tó ń mú ọpọlọ fẹ́ nǹkan, jáde nínú ọpọlọ ọ̀bọ. Ó ń kán omi èso sí àwọn ọ̀bọ náà lẹ́nu. Lákọ̀ọ́kọ́, omi èso tó dé láìròtẹ́lẹ̀ ló ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà dáhùn. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀bọ mọ̀ pé àmì kan máa ń hàn kí omi èso tó dé. Ìdáhùn náà bá kúrò lára omi èso, ó bọ́ sára àmì. Bí àmì bá hàn tí omi èso ò dé, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á dákẹ́, wọ́n á lọ sílẹ̀ ju bí wọ́n ṣe wà kí àmì tó hàn. Ní 2003, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tún rí nǹkan mìíràn: ìgbà tó bá jẹ́ pé omi èso lè dé, ó sì lè má dé, ìdajì sí ìdajì, ni àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ń ru sókè jù ní gbogbo àkókò tí ọ̀bọ fi ń retí.

Ka èyí tó kẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o wá rántí ara rẹ lórí àga oníke ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, láti ìgbà tí reférì bá ti fọn fèrè àkọ́kọ́ títí yóò fi fọn èyí tó kẹ́yìn. Inú ìretí ni adùn tẹ́tẹ́ wà. Ìgbà tí o bá jẹ, ìretí parí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ ní ọdún Àjíǹde nìyẹn. Owó wọlé, ohun tí ọpọlọ rẹ ti kọ́ láti máa wá kiri sì tán lójú ẹsẹ̀, o wá fi owó náà ra ìretí mìíràn, ìkan tẹ̀ lé ìkan, títí ₦180,000 fi tán. Kì í ṣe pé o jẹ́ òmùgọ̀ ọmọ. Ohun tí o ń rà gan-an ni o kò mọ̀.

Mo rántí ọkùnrin kan tó jókòó síwájú mi, tó ń sọ fún mi pé ọjọ́ mọ́kànlá rèé tí òun ti ta tẹ́tẹ́ kẹ́yìn. Òótọ́ ló ń sọ, ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó ń mi orí. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀. Fóònù náà gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú rẹ̀ tàn, ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò lára àga, ọwọ́ rẹ̀ ti dé ibẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ó yí i padà. Iléeṣẹ́ fóònù ló ń polówó dátà. Mo rí ojú rẹ̀ bó ṣe rọ bí ewé tí oòrùn pa. Gbogbo rẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ó wò mí, ó ní, "Màmá, ẹ ò rí i? Mi ò kúkú ta nǹkan kan." Àmì hàn, omi èso ò dé. Ọkàn rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju bó ṣe wà kí fóònù tó gbọ̀n, láìná kọ́bọ̀. Irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí ọ ní ìgbà ogún lóòjọ́: áláàtì báńkì, fèrè lórí tẹlifíṣọ̀n ẹni tó ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ìró ìgò tí wọ́n ṣí. Ìdí tí ọwọ́ fi ń yún ọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Ní ọjọ́ náà, ọtí ti tán lára rẹ, oorun ti padà díẹ̀, ìdíje àárín ọ̀sẹ̀ ń bọ̀, gbogbo ẹnu ṣọ́ọ̀bù ló sì ń sọ ọ́.

Wàá ní, "Màmá, ẹyọ kan ló máa ń gé e," pé ìdíje kan ṣoṣo ló ba tíkẹ́ẹ̀tì rẹ jẹ́. Gbogbo onítẹ́tẹ́ ló ń sọ ọ́. Mú ìdíje mẹ́jọ lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ bọ́ sí i kí o tó jẹ, kí o gbà pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ni àǹfààní tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní láti bọ́ sí i, èyí tó dára gan-an. Kí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bọ́ sí i pátá, nǹkan bí ìgbà 4 nínú 100 ni. Kí méje bọ́ sí i kí ẹyọ kan péré gé e, nǹkan bí ìgbà 16 nínú 100 ni. Ìlọ́po mẹ́rin gééré. Kò sí ẹni tó ṣe ọ́ ní nǹkan kan níbẹ̀. Bí tíkẹ́ẹ̀tì gígùn ṣe rí nìyẹn. Ní gbogbo ìgbà tí o bá jẹ lẹ́ẹ̀kan, "ẹyọ kan ló gé e" á ti ṣẹlẹ̀ sí ọ bí ìgbà mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á sì máa sọ fún ọ pé o ti súnmọ́ ọn. Luke Clark àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge wo inú orí àwọn tó ń ta irú eré kalokalo kan tó ń yí àwòrán ní 2009. Wọ́n rí i pé "ó kù díẹ̀" ń jí àwọn ibì kan nínú ọpọlọ tí jíjẹ gan-an máa ń jí. Àwọn tó ń ta eré náà ní inú àwọn ò dùn sí "ó kù díẹ̀" náà, ó tiẹ̀ burú lára wọn ju kó má súnmọ́ ọn rárá. Síbẹ̀, níbi tó bá ti jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló yan àwòrán, ó mú kí wọ́n fẹ́ ta sí i.

Inú wọn ò dùn, wọ́n sì fẹ́ sí i. Èyí ni mo fẹ́ kí o di mú nínú gbogbo lẹ́tà yìí. Fífẹ́ ọ̀tọ̀, gbígbádùn ọ̀tọ̀. Ní Yunifásítì Michigan, Kent Berridge àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí àwọn èkúté tí dópámìn ti tán lọ́pọlọ wọn. Àwọn èkúté náà ò wá oúnjẹ mọ́. Tí kì í bá ṣe pé wọ́n ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu, ebi ì bá pa wọ́n kú. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kán omi ṣúgà sí wọn lẹ́nu, wọ́n ṣì ń lá ètè bí ẹni tó ń gbádùn. Gbígbádùn wà, fífẹ́ ti lọ. Ti ìwọ ni òdìkejì rẹ̀. Ọtí àti tẹ́tẹ́ ti mú fífẹ́ dàgbà nínú rẹ, gbígbádùn sì ń rẹ̀yìn. Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ìgbádùn ló ń pa ọ́. Ìwọ fúnra rẹ mọ̀ pé o kò gbádùn rẹ̀ mọ́.

Méjèèjì tún ń ran ara wọn lọ́wọ́. Iwájú ọpọlọ, lẹ́yìn egungun iwájú orí, ni a ti ń ro "ó tó gẹ́ẹ́", ó sì wà lára ibi tí ọtí kọ́kọ́ ń sọ di aláìlágbára. Ìbúra tí o ṣe pẹ̀lú omijé ní ọjọ́ Àìkú, ibẹ̀ lo tọ́jú rẹ̀ sí. Ìgò kejì ti gbá a dànù. Nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì bá gé, ìgò kẹta á wá bí olùtùnú, ìgò kẹta á sì ta tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn láti gba owó àkọ́kọ́ padà. Ní ọjọ́ kejì, gbèsè ọtí àti gbèsè tẹ́tẹ́ á wá gba ọkàn kan ṣoṣo.

Nípa ti ìyá rẹ. Má bá a jà. Ó rí i pé nǹkan kan ń fa ọmọ òun lọ́wọ́ lọ síbi tí ọmọ náà ò fẹ́ lọ, ohun tó rí náà sì ni mo ti ń sọ láti òkè. Tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbàdúrà, kí ìwọ náà ṣe àmín. Nígbà tí dókítà ọpọlọ, Thomas Adéoyè Lambo, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, ní Abẹ́òkúta, ní 1954, ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Kò fi ìgbàgbọ́ wọn ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì fi oògùn du ẹni tó nílò rẹ̀. Ibi tí èmi ti ń bínú ni ibi tí wọ́n ti ń de ọmọ ènìyàn mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń fi ebi pa á, tí wọ́n ń sọ pé ẹ̀mí àìmọ́ ló ń gbọ̀n lára rẹ̀. Ìgbọ̀nrìrì yẹn lè jẹ́ ara tó ń wá ọtí, ó sì lè pa á.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́dọ̀ bi ọ́ kí o tó gbé ìgò sílẹ̀: ṣé ọwọ́ rẹ máa ń gbọ̀n láàárọ̀ kí o tó mu nǹkan kan? Ṣé àfi kí o mu paraga díẹ̀ kí o tó lè di ayùn mú dáadáa? Lẹ́tà rẹ ò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n tó bá rí bẹ́ẹ̀, má dáwọ́ dúró lójijì ní ilé. Ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́, gìrì lè mú un láàárín wákàtí mẹ́fà sí ọjọ́ méjì tó bá dáwọ́ dúró. Ní nǹkan bí ọjọ́ kejì sí ìkẹta, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ara rẹ̀ á gbóná, yóò máa ṣe ìránrán. Ilé ìwòsàn ni ibi irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní oògùn tó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì fún un ní fítámì B1 nítorí ọpọlọ rẹ̀. Ìwọ tó ń mu ún ní Àbámẹ́ta nìkan lè dáwọ́ dúró láìsí èyí.

Wàyí o, èwo ni kí o kọ́kọ́ fi sílẹ̀? Owó ni kí o kọ́kọ́ gbé kúrò lọ́wọ́ ara rẹ, lọ́sẹ̀ yìí, kí o tó fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn. Oníbàárà tó bá fẹ́ san owó pákó, kó san án tààrà fún ẹni tó ń ta pákó ní Bódìjà. Owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, kó wọ àkáǹtì ìyàwó rẹ ní ọjọ́ Ẹtì. Owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ọ̀sán ni kó wà lápò rẹ, ti ọjọ́ kan ní ọjọ́ kan. Yọ áàpù tẹ́tẹ́ náà kúrò lórí fóònù, kí o sì kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n ti àkáǹtì rẹ pa. Yíyọ áàpù nìkan ò tó, nítorí ìṣẹ́jú méjì ni o fi máa dá a padà. Áàpù tó ń yáni lówó náà, yọ ọ́. Mo mọ̀ pé ojú máa tì ọ́ láti bá ìyàwó rẹ sọ ọ́. Sọ gbogbo gbèsè náà fún un ní ìjókòó kan, má fi díẹ̀ pamọ́ fún ìgbà mìíràn. Ọjọ́rú ni kí o sọ ọ́. Má sọ ọ́ ní ọjọ́ Àìkú, má ṣírò gbèsè ní ọjọ́ Àìkú, má sì tún búra ní ọjọ́ Àìkú mọ́. Ọkàn tí o fi ń ronú ní ọjọ́ yẹn, ìdajì rẹ̀ ni tìrẹ.

Lẹ́yìn tí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ, kí ọtí àti tẹ́tẹ́ jọ lọ. Ìdáhùn tí o fẹ́ kọ́ nìyẹn, mo mọ̀. Mo ti rí àwọn tó fi tẹ́tẹ́ sílẹ̀ tí ìgò mẹ́rin wọn di mẹ́jọ. Tó bá wá di pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣáájú, ọtí ni màá ní kí o kọ́kọ́ já, nítorí ojú ọtí ni gbogbo ìbúra rẹ ti ń bàjẹ́.

Fún Àbámẹ́ta mẹ́rin, má dé ibi tí ẹ ti ń wo bọ́ọ̀lù. Tí ìyánhànhàn náà bá dé, mọ̀ pé kì í dúró lójú kan. Á gòkè, á dé góńgó, á sì máa sọ̀, ó sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí bí o kò bá fún un ní nǹkan kan jẹ. Wo aago nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀. Mú pákó kan tí oníbàárà kankan ò bẹ̀ ọ́ fún, gbé e sórí tábìlì iṣẹ́, kí o máa fá a títí ara yóò fi rọ̀. Jẹun kí ebi tó pa ọ́ ní ọjọ́ yẹn, nítorí ebi, àìsùn àti ìjà ilé ni ọ̀rẹ́ ìyánhànhàn.

Tí èyí kò bá ràn ọ́ lọ́wọ́ tó, lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní UCH, o kò jìnnà sí wọn. Oògùn wà. Naltrexone, tí wọ́n fọwọ́ sí fún ọtí ní Amẹ́ríkà ní 1994, máa ń dín adùn ọtí kù lọ́pọlọ, àwọn dókítà kan sì máa ń fún onítẹ́tẹ́ náà. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ wò kí o tó lò ó, má lọ rà á lọ́dọ̀ oníkẹ́mísì fúnra rẹ.

Tí o bá ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin láìmu ọtí, ó yẹ kí ìwúwo ọkàn náà ti fúyẹ́ gan-an. Tí kò bá fúyẹ́, ó lè jẹ́ ìbànújẹ́ ọkàn tó dá dúró, ó ní ìtọ́jú tirẹ̀, kí o sì sọ ọ́ fún dókítà bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé lára ìwúwo yẹn ni èrò pé kí o kúkú kú, má dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, má sì dá wà ní alẹ́ yẹn. Ìyàwó rẹ, ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í mutí, ẹ̀ka pàjáwìrì UCH, ẹni tó bá súnmọ́ jù ni kí o sọ fún. Irú èrò bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí tẹ́tẹ́ ti jẹ ní gbèsè, ọ̀pọ̀ lára wọn ni mo sì mọ̀ tí wọ́n ń gbé ọmọ wọn lọ síléèwé lónìí.

Kọ̀wé sí mi lẹ́yìn Àbámẹ́ta mẹ́rin yẹn, kó jẹ́ Ọjọ́rú. Sọ fún mi bí o ṣe ń sùn, iye ìgbà tí ọwọ́ yún ọ, àti ohun tí o fi pákó náà kàn.